Bí a ṣe ń se ìpápánu tí ọmọdé lè fi ọwọ́ jẹ fún àpèjẹ ìdílé nígbà Iléyá

Ní ìlú Ìlọrin, kò sí àkókò tí agboolé máa ń kún tó àkókò Iléyá. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní Èkó, Àbújá àti Ìbàdàn, títí kan àwọn tí wọ́n wà lókè òkun, a máa kó ọmọ wálé, àwọn ọmọ ìyá a sì pàdé ní ojúlé bàbá wọn. Ẹran kì í wọ́n lásìkò náà, ọbẹ̀ kì í sì í gbẹ nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí láti ọdún pípẹ́ pé àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń jẹun gbẹ̀yìn. Kí àwọn àgbà tó pa àgbò tán, kí wọ́n kun ún, kí wọ́n pín in fún aládùúgbò àti aláìní, kí ọbẹ̀ sì tó jinná, ọjọ́ a ti rọ̀. Bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ọmọ a ti fi dí inú. Nígbà tí oúnjẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ata a ti pọ̀ jù fún un, ẹran a sì ti le ju eyín rẹ̀ lọ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ se oúnjẹ tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọdé nìkan, tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú jẹ láìsí ṣíbí, láìsí àwo ọbẹ̀ tí a ó máa gbé lé wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ 20 ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, láti ọmọ ọdún méjì sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Iléyá lẹ́yìn ìrun Lááṣárì sì ni mo rò pé àpèjẹ náà yóò wáyé, nítorí pé ọjọ́ kìíní kì í fún ẹnikẹ́ni ní ààyè. Ẹ kò nílò oúnjẹ òyìnbó kankan láti ṣe é. Wàrà, másà (àkàrà ìrẹsì), ànàmọ́, mọ́ínmọ́ín àti ẹran tí a ń jẹ nílé tó ohun tí a nílò. Iṣẹ́ tí ó kù ni pé kí á gé wọn kéré, kí á dín ata wọn kù, kí á sì rí i pé wọ́n rọ̀ dáadáa.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná

Ní Iléyá kan nílé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, bu ẹ̀pà yíyan kúnwọ́ nínú àwo tí a gbé kalẹ̀ fún àlejò. Ó jù ú sẹ́nu, ó sì sáré tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé kò ké. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbá a mú, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan, ó sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní agbedeméjì èjìká. Nígbà tí ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹrin ni ẹ̀là ẹ̀pà kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju èékánná lọ, jábọ́ sórí ẹní. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í gbé ẹ̀pà sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé bá lè tó o, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ adùn àti ẹwà.

Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kéré, eyín tí ó fi ń lọ oúnjẹ kò sì tíì pé tàbí kò tíì lágbára. Nítorí náà, ohun tí ó bá rí roboto tí ó sì le, tàbí tí ó rí roboto tí ó sì ń yọ̀, ni ó léwu jù fún un: ẹ̀pà odidi, súwíìtì líle, èso gíréèpù odidi, àti sọ́séèjì tí a gé róbótó bí owó ẹyọ. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀pà odidi fún wọn rárá. Gíréèpù, bí ẹ bá rà á, òró ni kí ẹ là á sí mẹ́rin. Sọ́séèjì pẹ̀lú, òró ni kí ẹ là á, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹran tí a bá lọ̀, a kì í ká a roboto bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ilé oúnjẹ. A ó mọ ọ́n gùn-ún bí ìka, a ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ohunkóhun tí a bá fi igi gún, kí á yọ igi náà kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ, nítorí ọmọ tí ó ń sáré pẹ̀lú igi ṣóńṣó lẹ́nu lè ṣubú lé e lórí.

Bí oúnjẹ bá sì há ọmọ lọ́fun, tí ọmọ náà ṣì ń wúkọ́ tàbí tí ó ń sunkún, ẹ jẹ́ kí ó máa wúkọ́, ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá lè wúkọ́ mọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì lè mí, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀márùn-ún ní agbedeméjì èjìká rẹ̀ méjèèjì. Bí ohun náà kò bá jáde, tí ọmọ náà sì ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i ká, ẹ di ìkúùkù sókè ìdodo rẹ̀, kí ẹ sì fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí gbígbá a lẹ́yìn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ gba ti ikùn. Àárín igbáàyà rẹ̀ ni a ń tẹ̀ dípò ìyẹn. Kí ẹnì kan máa ṣe èyí lọ́wọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ara tí oúnjẹ kan kì í bá mu. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àpèjẹ, ẹ pe ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í bóyá ẹyin, ẹ̀pà, ẹja, ẹ̀wà tàbí mílíìkì ti ṣe ọmọ rẹ̀ rí: bóyá ara rẹ̀ wú, bóyá ó bì, bóyá ètè rẹ̀ yún ún. Ẹ má ṣe dúró títí di ìgbà tí àwo bá ti wà nílẹ̀, nítorí ìyá tí ó ń kí àlejò lọ́wọ́ kò ní í ráyè rántí. Bí ọmọ kan bá wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kí ẹ má ṣe fi òróró ẹ̀pà tí wọ́n fi ọwọ́ fún dín ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Òróró ewébẹ̀ mìíràn ni kí ẹ lò fún gbogbo rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di pé a ń ya àwo sọ́tọ̀. Oyin pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ dára, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ohun tí a ó rà àti ìgbà tí a ó rà á

Fún ọmọ 20, ẹ wá wàrà bí 15 tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, agolo mílíìkì mẹ́rin ìrẹsì tùwó (ìrẹsì funfun kúkúrú tí ó máa ń lẹ̀ bí a bá sè é), kílò kan ààbọ̀ ẹran tí kò lọ́ràá púpọ̀, ànàmọ́ ńláńlá mẹ́jọ, agolo mílíìkì mẹ́ta ẹ̀wà, òróró lítà mẹ́ta, ẹyin, àlùbọ́sà, yíìsì, ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ àti èso. Ní Ìlọrin, Ọjà Ọba àti Ọjà Tuntun ni mo máa ń ná fún púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ẹ ra gbogbo ohun gbígbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nítorí pé bí Iléyá bá ti ku ọ̀la, owó ọjà a máa gòkè láti àárọ̀ sí ọ̀sán.

Wàrà ni kí ẹ rà gbẹ̀yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Àráfà, nítorí ó ṣòro láti rí àwọn tí ń tà á ní ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀. Bí iná ìjọba kò bá dúró déédéé ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì nìkan: ẹ gbé wàrà náà sínú omi iyọ̀, ẹ sè é, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì tún un sè ní àràárọ̀ títí di ọjọ́ àpèjẹ. Ẹran yóò ti ara àgbò wá, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tí ó ń pín ẹran láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ ẹran itan tí kò léegun. Bí ẹ kò bá tètè sọ, gbogbo itan a ti lọ sílé àwọn àna kí ẹ tó dé ìdí ẹran.

Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka Iléyá, ó máa ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tí ó kọjá. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ni ó bọ́ sí, nígbà tí òjò ti ń rọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó yan èso àti ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó sí, ẹ wo ìgbà tí ọdún bọ́ sí: bí ó bá jẹ́ àkókò òjò, ẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ àtíbàbà ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe gbangba.

Wàrà díndín

Bí mo bá ní láti mú oúnjẹ kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ, wàrà ni n ó mú. Ó rọ̀, kò ní eegun, kò ní ata, ó ní èròjà tí ń kọ́ ara ọmọ, ọmọ sì fẹ́ràn bí ó ṣe máa ń dún lábẹ́ eyín. Àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń gbé ní gáà káàkiri ìlú ni wọ́n ń ṣe é. Mílíìkì màlúù tútù ni wọ́n ń gbé kaná díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń da oje ewé àti igi bomubomu sí. Oje yìí ni ó ń mú kí mílíìkì náà dì, tí omi rẹ̀ fi ń yà sọ́tọ̀, tí wọ́n fi ń kó èyí tí ó dì sínú ajere kékeré kí ó lè ro. Ìdí nìyí tí wàrà fi máa ń ní ojú ajere lára, tí a sì máa ń rí i nínú omi rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e wá tà.

Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Wàrà tí ó dára a máa le díẹ̀, a sì máa padà sípò nígbà tí ẹ bá gbé ìka kúrò. Èyí tí ó bá ń fọ́ tàbí tí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbóòórùn omi rẹ̀ pẹ̀lú. Òórùn mílíìkì ni ó yẹ kí ó wá, kì í ṣe òórùn kíkan. Ọwọ́ púpọ̀ ti kan wàrà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí náà ẹ má ṣe fún ọmọdé ní tútù láìsè é, bí àwa àgbà tilẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí ègé kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́ àgbà, kí ó má sì nípọn jù ú lọ. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ tún ègé kan là sí méjì lóròó. Ẹ gbé omi kaná pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan àti àlùbọ́sà díẹ̀, kí omi náà hó, kí ẹ da wàrà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sínú asẹ́ kí omi ro lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ má ṣe kánjú níbí yìí. Wàrà tí omi wà lára rẹ̀ ni ó máa ń ta òróró sí ojú àti ọwọ́, mo sì ti rí i tí ó dá àpá sí apá ẹni tí ó mọ oúnjẹ sè dáadáa. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ kí ó tó wọ inú òróró.

Ẹ jẹ́ kí òróró gbóná níwọ̀n: bí ẹ bá ju ègé àlùbọ́sà kan sí i, kí ó yí po pẹ̀lú ìfófòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìdúdú. Ẹ dín ègé mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa fi ṣíbí yí wọn, nítorí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú kìíní. Wàrà kì í yọ́ nínú òróró, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé yóò túká. Nígbà tí ó bá ti pọ́n bí awọ àgbàdo gbígbẹ, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ yóò le, ọmọ kékeré kò sì ní í lè jẹ ẹ́.

Másà kéékèèké

Másà gba sùúrù ju wàrà lọ, ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kéré. Ní alẹ́ ọjọ́ Iléyá, ẹ ṣa agolo mílíìkì mẹ́rin ìrẹsì tùwó, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Ìrẹsì gígùn tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù kì í jẹ́ kí másà dì.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bu nǹkan bí ìdajì agolo nínú ìrẹsì rírẹ náà, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ da á pọ̀ mọ́ ìyókù, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú omi tí kò pọ̀, títí tí kò ní í sí hóró lára rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń lọ ata ládùúgbò kì í sábà ṣí ní ọjọ́ kejì Iléyá, bí wọ́n bá sì ṣí, ata a ti wà lára ẹ̀rọ wọn; ẹ lọ ti ọmọdé nílé. Lẹ́yìn náà, ẹ pò yíìsì ṣíbí ìmutíì kan mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á sí i pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ rò ó pọ̀, ẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí kò tutù fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìkòkò tí ó ga ni kí ẹ lò, torí yóò wú. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń yọ ìfófòó kéékèèké, tí ó sì ń ta òórùn dídùn tí ó fẹ́ kan díẹ̀, ó ti tó. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì sí i. Kí ó ki ju ògì mímu lọ, ṣùgbọ́n kí ó lè máa ṣàn kúrò lójú ṣíbí fúnra rẹ̀; bí ó bá ki jù, omi díẹ̀ sí i.

Páánù másà tí ó ní kòtò kéékèèké ni ó dára jù. Bí ẹ kò bá ní in, páánù pẹrẹsẹ tí kì í lẹ̀ yóò ṣe é, kìkì pé másà náà yóò tẹ́ díẹ̀, àwọn ọmọ kò sì bìkítà. Ẹ fi òróró ìdajì ṣíbí ìmutíì sí kòtò kọ̀ọ̀kan, ẹ bu ìrẹsì lílọ̀ náà sí i kí ó kún dé ìdajì, kí ẹ dín iná kù. Iná líle ni ọ̀tá másà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ a ti jó, inú rẹ̀ a sì ṣì jẹ́ omi. Ẹ dúró títí etí rẹ̀ yóò fi gbẹ tí òkè rẹ̀ yóò fi lu ihò wẹ́wẹ́, kí ẹ tó fi ẹnu ṣíbí yí i. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ yọ, ẹ fà á ya, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ tún dín iná kù fún àwọn tí ó kù. Ìwọ̀n tí mo sọ yìí a máa tó másà bí 45, ìyẹn méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti díẹ̀ fún àwọn tí yóò béèrè sí i. Ẹ tò ó sínú kúlà tí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ́ nínú, kí ó má baà gbẹ.

Ẹran lílọ̀ àti àwọn yòókù

Kílò kan ààbọ̀ ẹran náà, ẹ yọ iṣan àti eegun rẹ̀ tán, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìlọran, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e wẹ́wẹ́ títí yóò fi jọ èyí tí a lọ̀. Ẹ fi àlùbọ́sà méjì tí a rin, ẹyin méjì, búrẹ́dì ègé mẹ́rin tí a rẹ sómi tí a sì fún, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan àti ata ilẹ̀ tútù díẹ̀ sí i. Ata rodo kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ní àwọ̀, ẹ fi tàtàṣé kan tí ẹ ti yọ èso inú rẹ̀. Búrẹ́dì ni ó ń jẹ́ kí ẹran náà rọ̀, ẹ má ṣe fò ó. Ẹ mọ ọ́n gùn-ún bí ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì dín in lórí iná níwọ̀nba, ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹran tí a lọ̀ kò dà bí ẹran odidi: kòkòrò àìrí tí ó wà lójú ẹran ti wọ inú rẹ̀ nígbà tí a lọ̀ ọ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jinná dénú. Ẹ gé ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì pupa, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọwọ́ tí ó kan ẹran tútù àti pátákó tí ẹ fi gé e, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó kan ohun mìíràn.

Ànàmọ́ rọrùn. Àwọn tí ó ti Ọ̀ffà wá kì í jẹ́ kí a sọ fún wọn bí a ṣe ń dín ànàmọ́, nítorí ìlú wọn ni a fi mọ̀ ọ́n. Ẹ bó o, ẹ gé e gbọọrọ bí ìka, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì dín in gbẹ̀yìn pátápátá, nítorí ó máa ń rọ̀ bí ó bá pẹ́. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì ààbọ̀, ẹ sè é dípò dídín.

Mọ́ínmọ́ín, bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé ni kí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n inú agolo kékeré tàbí ife kékeré tí ó lè gba ooru ni kí ẹ dà á sí, kí ó má ju ìdajì lọ, kí ó lè jinná ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi ẹja sí i. Eegun kan tí ojú àgbà kò rí tó láti ba ọdún jẹ́.

Èso tí ó bá wà lásìkò ni kí ẹ lò: ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ yọ kóró gbogbo, kí ẹ sì gé e ní wákàtí kan ṣáájú àpèjẹ, kì í ṣe láti àárọ̀. Ní ti ohun mímu, omi tútù ni kí ó pọ̀ jù, kí sóbò tí ṣúgà rẹ̀ kéré tẹ̀ lé e.

Gbígbé e kalẹ̀

Kí àgbà tó pe àwọn ọmọ, ẹ gbé abọ́ omi, ọṣẹ àti kẹ́tù kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnì kan dúró tì í tí yóò máa da omi fún wọn. Omi ṣíṣàn ni kí wọ́n fi fọwọ́, kì í ṣe pé kí 20 ọmọ ti ọwọ́ bọ inú abọ́ kan náà, bí a ti máa ń ṣe é nígbà tí a wà ní kékeré.

Ẹ pín oúnjẹ náà sí àwo kọ̀ọ̀kan láti inú ilé: másà méjì, wàrà mẹ́ta, ẹran méjì, mọ́ínmọ́ín kan, ànàmọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, èso lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbé àwo ńlá kan sí àárín, àwọn àgbà ọmọ ni yóò kó wàrà tán, àwọn kékeré a sì máa wo ojú wọn. Kí gbogbo wọn jókòó lórí ẹní kí wọ́n tó fi nǹkan sẹ́nu. Ọmọ tí ó bá fẹ́ sáré, kí ó gbé tẹnu rẹ̀ mì ná. Mo rọ̀ yín kí àgbà kan jókòó láàárín wọn títí wọn yóò fi jẹ tán, kí ó má ṣe máa fi fóònù yàwòrán, nítorí pé àkókò tí gbogbo ojú bá wà lára fóònù ni ọmọ kan máa ń fi nǹkan sọ́fun.

Oúnjẹ tí a ti gbé síta kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ, bí oòrùn bá sì mú gan-an tí ooru ju 32 lórí ìwọ̀n Celsius lọ, wákàtí kan péré ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ máa mú un jáde láti inú kúlà tàbí orí iná bí ó bá ti ń tán. Bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin ní gbàgede ààfin Ẹ́míà, wàrà díndín àti ànàmọ́ ni ó ṣeé dì dání. Ẹ fi ẹran àti mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ nílé.

Èyí tí ó bá ti wà nínú àwo ọmọ tí ó sì kù, ẹ dà á nù. Èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn nínú ìkòkò, ẹ gbé e sínú fíríìjì kí ìrun Ìṣáì tó dé, kí ẹ sì gbé e kaná títí ooru yóò fi máa rú jáde lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún jẹ ẹ́. Ní ti wàrà, bí ó bá kù ní ilé wa, a máa ń dà á sínú ọbẹ̀ ata fún oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí ó hó pẹ̀lú ọbẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó mu ún dénú. Àwọn àgbà tí kò rí i jẹ ní ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé àwo wá.